“Ẹ má skip ẹ̀ o”: ohun tí ìyá mi gbọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá

Ọmọ Òǹdó l’Ákùúrẹ́

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ẹ̀sùn, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn tó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi láti Àkúrẹ́ dé Òǹdó, ó sì lè ti ẹnu èmi gan-an jáde lọ́la.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òǹdó ni wọ́n ń gbé, oko kòkó ni wọ́n fi tọ́ wa, wọn kò sì lọ sí ilé ìwé rí. Ní oṣù tó kọjá, mo mú wọn wá sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò nítorí pé orí ń fọ́ wọn lemọ́lemọ́. Yàrá náà kò gbà wá tán, mo sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé Yorùbá ni nọ́ọ̀sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní: “Màmá, BP yín high díẹ̀ o. Drug yìí, ẹ máa take ẹ̀ twice daily, after food. Ẹ má skip ẹ̀ o. Ẹ reduce salt, kẹ́ ẹ sì come back in two weeks.” Ìyá mi ní àwọn ti gbọ́, wọ́n dúpẹ́, a sì jáde. Kò sí èyí tó rú èmi lójú nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ wò wọ́n ní Òǹdó, mo sì bá oògùn náà nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹyọ kan kò dín níbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò fetí sílẹ̀. Wọ́n ní ṣebí mo wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń kìlọ̀ pé “ẹ má” kiní kan “ẹ̀ o”, àwọn sì mọ̀ pé oògùn tí wọ́n bá kìlọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ le, pé àfi bí ara bá ni àwọn gidi kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Ní ti bíìpì, wọ́n ní nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sọ pé “díẹ̀” ni, èèyàn kì í sì torí díẹ̀ gbé oògùn tó le mì.

Mi ò lè bínú. Mo jókòó, mo ń tún gbólóhùn nọ́ọ̀sì náà wí nínú ọkàn mi, mo sì rí i pé ìyá mi kò puró: ohun tó jẹ́ Yorùbá nínú ìkìlọ̀ yẹn kò ju “ẹ má … ẹ̀ o” lọ. Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí a bá ń sọ irú Yorùbá yìí, ta ni a ń sọ ọ́ fún?

Tíṣà Alágbàká

Ọlọ́run yóò fún ìyá wa ní àlàáfíà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ìwé girama ní ìlú yìí, ohun tí ẹ sọ kò sì yà mí lẹ́nu rárá. Àmúlùmálà ni yóò pa èdè yìí, a ó sì wà níbẹ̀ tí yóò fi kú, a ó máa rò pé òun ni a ṣì ń sọ.

Ní sáà tó kọjá, mo ní kí ọmọ ọdún méjìlá kan dìde kí ó sọ ohun tó ṣe láàárọ̀. Ó ní: “Mo wake up, mo brush, mo bathe, mo dress.” Mo ní kí ó tún un sọ láìfi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ó ní “Mo jí,” ó sì dákẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ “fọ ẹnu” tàbí “wẹ̀”. Nígbà tí mo sọ wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sí ní itòsí ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti wọ àká lọ, bí aṣọ tí a kì í wọ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún.

Ẹ má sì sọ pé ìjọba ló fà á. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ní abala 55 pé, lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, a lè fi Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá ṣe iṣẹ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bí a bá ti ṣe ètò tó yẹ fún un, abala 97 sì gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ṣílẹ̀kùn, àwa ni a kò wọlé. Ọ̀lẹ ni àmúlùmálà, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Èdè, Àkùngbá

Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ọ̀lẹ kì í tẹ̀ lé òfin, àmúlùmálà sì ní òfin tó le.

Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọ́. A ń sọ pé “Mo ti submit ẹ̀,” kò sí ẹni tó ń sọ pé “Mo ti submitted ẹ̀,” nítorí pé “ti” ti ṣe iṣẹ́ àsìkò tán, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe. A ń sọ pé “phone tuntun” àti “car mi”, a kì í sọ “tuntun phone” tàbí “mi car”. A tilẹ̀ ń ṣe àpètúnpè fún ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé Yorùbá bí i, tí a bá ní “dídrive lálẹ́ kò dára.” Ọmọ ọdún márùn-ún ní Àkúrẹ́ kì í ṣe àṣìṣe nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Shana Poplack, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará Puerto Rico tó ń gbé ní New York, tó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980, rí i pé àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì jù lọ ló ń yí láti ọ̀kan sí èkejì láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwọn tí èkejì kò dá ṣáká lẹ́nu wọn a máa dúró kí gbólóhùn parí, tàbí kí wọ́n kàn fi gbólóhùn kékeré há a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá yín ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Carol Myers-Scotton, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí Swahili àti Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Nairobi, ṣàlàyé ní 1993 pé èdè méjì kì í jọ ṣe ọ̀gá nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ló ń kọ́ ilé, èkejì ló ń kó ẹrù sínú rẹ̀. Èyí tó kọ́ ilé ló ń pèsè ètò ọ̀rọ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó so gbólóhùn pọ̀, èyí tó kó ẹrù ló ń pèsè ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sórí ìwọ̀n. Nínú ìtọ́ni tó fún wọn lórí oògùn, Yorùbá ni “yìí”, “ẹ máa”, “ẹ̀”, “ẹ má”, “o”. Gẹ̀ẹ́sì ni “drug”, “take”, “twice daily”, “after food”, “skip”. Ilé Yorùbá ni, ẹrù Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin gbọ́ méjèèjì, a kò tilẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Ìyá yín wọ inú ilé náà, wọ́n dá ògiri àti òrùlé mọ̀ gẹ́gẹ́ bí tiwọn, wọn kò sì rí ẹrù kankan níbẹ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé “ẹ máa” àti “ẹ má” ni ògiri méjì tó kù, èyí kan pàṣẹ, èyí kejì kọ̀, fífa fáwẹ̀lì gùn díẹ̀ ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀. “O” tó wà ní ìparí èyí kejì ló sọ ọ́ di ìkìlọ̀. Bí ẹ bá ní kí n túmọ̀ gbólóhùn náà láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ìyá yín túmọ̀ sí ni èmi náà ì bá túmọ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì Abiyamọ

Kì í ṣe èmi ni nọ́ọ̀sì yẹn, ṣùgbọ́n èmi náà ni. Ó ṣeé ṣe kí n ti sọ gbólóhùn yẹn gẹ́lẹ́ ní àárọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ kìíní, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ̀wé sínú fáìlì, Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá yíjú sí aláìsàn, ẹnu mi ti gbà pé Yorùbá ló kàn, ṣùgbọ́n orí mi kò tíì dé ibẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí èèyàn bá kún orí bẹ́ǹṣì dé ìta, kò sí àyè láti dúró de ọ̀rọ̀ tó ti wọ àká, gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe pè é.

Èyí tí ẹ kò tíì mẹ́nu kàn ni ti ojú. Mo ti bá ìyá kan tó múra dáadáa sọ Yorùbá tó kún, mo ní “ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, mà,” ó sì bi mí pé ṣé mo wo òun mo rí i pé òun kò kàwé ni. Bí mo bá sì sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, òmíràn á ní ìgbéraga ni. Àmúlùmálà kò bu ẹnikẹ́ni kù: ó ń sọ fún aláìsàn pé ọmọ ilé kan náà ni wá, ó sì ń sọ fún un pé mo mọ iṣẹ́ mi. Nítorí náà, ojú mi ló ń yan èdè kí ẹnu mi tó sọ ọ́. Mo ń wo aṣọ, mo ń wo ọjọ́ orí, mo ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́, mo sì máa ń ṣì í.

Mo sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa fi èyí sọ́kàn: ìyá wọn ní àwọn ti gbọ́. Gbogbo àgbàlagbà ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n gbọ́, etí wọn kò di. Kò kàn yé wọn ni, ìwà ọmọlúàbí kò sì jẹ́ kí wọ́n mú nọ́ọ̀sì padà sẹ́yìn pé kí ó tún un wí.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ọjà Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ijaw Arògbò ni mí. Èdè wa ni mò ń sọ nínú ilé. Bí mo bá lọ kó ẹja ní Igbókòdá, èdè Ìlàjẹ ni mo fi ń bá wọn nájà. Ní Ọjà Ọba níbí, Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ ni fún oníbàárà, Pidgin sì ni fún àwọn ará Ìgbò àti àwọn ìyàwó sójà. Mi ò jókòó kọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Mò ń pààrọ̀ èdè bí mo ṣe ń pààrọ̀ òṣùwọ̀n: kóńgò ni fún edé, ẹja gbígbẹ ní tirẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò jẹ́ kí ó dá wà nínú èdè kan ṣoṣo, owó ni. Bí oníbàárà bá ní “two-five”, mo máa ń dáhùn pé “ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀”, kí n tó di ọjà fún un. Bó bá ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀, mo tún lè fi Pidgin kín in lẹ́yìn. Ìjà tí mo ti jà lórí iye owó ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí ló kọ́ mi. Èèyàn lè da gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù pọ̀ bó ṣe wù ú, kò sí ẹni tí yóò bá a jà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ gbé lè dá wàhálà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sọ ọ́. Ṣé nọ́ọ̀sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni? “Take ẹ̀ twice, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mejì.” Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ Àkókó

Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, mo sì ń mi orí. Ikaram ni mo ti wá. Akpes ni èdè wa, a kò sì pọ̀ ju àwọn ìlú díẹ̀ lọ tó ń sọ ọ́. Bí ẹ bá rin Àkókó díẹ̀, ẹ ó kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ ó bá Ukaan, ẹ ó bá Arigidi. Bàbá bàbá mi sọ Akpes, bàbá mi gbọ́ ọ, èmi ń fi kí àgbà láàárọ̀, ọmọ mi tó wà l’Ákùúrẹ́ kò mọ̀ pé ó wà.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló jẹ ẹ́ o, Tíṣà. Yorùbá ni. Yorùbá ni wọ́n fi wàásù fún wa, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wa ní álífábẹ́ẹ̀tì, Yorùbá ni redio. A kò tilẹ̀ dà á pọ̀. Àwọn òbí wa yí kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì pátápátá, bí ẹni kó kúrò nílé. Ì bá ṣe pé a da Akpes pọ̀ mọ́ Yorùbá ni, bóyá ògiri rẹ̀ ì bá ṣì dúró. Bákan náà ni ti àwọn Àpọ́ì ní ẹsẹ̀ odò: ìtàn ní Ijaw ni wọ́n wá, Yorùbá ló sì wà lẹ́nu wọn lónìí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń sunkún lórí àmúlùmálà, ẹ rántí pé àwọn kan ń wò yín tí wọn kò ní èdè tí wọn yóò dà pọ̀ mọ́ òmíràn mọ́.

Tíṣà Alágbàká

Ọmọ Àkókó, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò sì ní èsì tó tó o. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń kọ́ ọmọ Ikaram ní Yorùbá, mi ò rò ó rí pé mò ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sì fà sẹ́yìn lórí “ọ̀lẹ”. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi hàn mí pé ọmọ mi tó ní “mo brush” mọ gírámà Yorùbá dójú àmì.

Ohun tí mi ò ní fà sẹ́yìn lórí rẹ̀ ni pé ẹrù ń tán nínú ilé wa. Ọmọ tó bá ní “fọ ẹnu” àti “brush” lè mú èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ju “brush” lọ kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti lè kó ẹrù yẹn fún un ni kíláàsì. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e. Ọdún mẹ́ta. Mi ò rí ìwé tuntun kan ní kíláàsì mi láàárín ọdún mẹ́ta yẹn.

Bàbá Yàbá, Òǹdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbàgbé nǹkan kan. Yorùbá tí ẹ ń kọ níbí kì í ṣe èyí tí ìyá yẹn fi ń dáná. Èdè Òǹdó ni tiwọn. A ní ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì “u” bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ìwé kò gbà á. “Eghó” ni a ń pe owó. Àti pé nínú èdè wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹni púpọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Bí ọmọdé ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀wọ̀ wà nínú ìkúnlẹ̀ àti nínú ohùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n mú mi lọ sí Ìbàdàn, mo fi “o” bá ìyá onílé wa sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà ni ẹ̀kọ́ Yorùbá àkọ́kọ́ mi.

Nítorí náà, kí nọ́ọ̀sì yẹn tó mú Gẹ̀ẹ́sì kan jáde, ìyá yẹn ti yí èdè padà lẹ́ẹ̀kan ná, láti Òǹdó sí Yorùbá “ẹ” àti “wọ́n”. Àárẹ̀ ọ̀nà àkọ́kọ́ kò tíì tán lára wọn tí ẹ fi tún gbé wọn lọ sí ọ̀nà kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Èdè, Àkùngbá

Bàbá, ẹ ṣeun, mà á fi ọ̀rọ̀ yín kún iṣẹ́ mi. Jan-Petter Blom àti John Gumperz kọ nípa irú rẹ̀ ní 1972, láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hemnesberget ní orílẹ̀-èdè Norway. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá dé iwájú akọ̀wé ní ọ́fíìsì, èdè àdúgbò ló fi ń kí i, tó fi ń béèrè ara ilé, nígbà tó bá sì kan iṣẹ́ tó bá wá, á yí sí èdè ìjọba. Èdè ìkíni yàtọ̀ sí èdè iṣẹ́. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí: Yorùbá ni nọ́ọ̀sì fi pe “Màmá”, òun ló fi ní “o”, òun ló fi bẹ̀bẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe iṣẹ́. Ìyá yẹn gba ìkíni rẹ̀ tán, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ náà ni wọ́n gbà.

Mo sì fẹ́ kí Tíṣà rí i pé “bíìpì” kò ṣòro fún ìyá tí kò lọ ilé ìwé. Kò ṣòro fún wọn bí “nọ́ọ̀sì” àti “dókítà” kò ti ṣòro, bí “àlùbọ́sà” àti “wàhálà” tí a gbà lọ́wọ́ Haúsá kò ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n, wọ́n ti di onílé. “Skip” kò tíì di onílé ní tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló lè sọ fún wa èyí tó ti di onílé, kì í ṣe àwa.

Ọmọ Òǹdó l’Ákùúrẹ́

Mo padà sí Òǹdó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ ìyá mi lọ. Mo ti kọ gbólóhùn nọ́ọ̀sì náà sínú ìwé pẹlẹbẹ ní Yorùbá tó dá mi lójú, mo sì kà á fún wọn: “Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru díẹ̀. Ẹ lo oògùn yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má fò ó. Ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.”

Wọ́n dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, ṣé bíìpì ni mò ń sọ. Nígbà tí mo ní òun ni, wọ́n ní kí n sọ bíìpì. (Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbà á o.) Wọ́n ní “lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́” kò tó, nítorí pé ẹni tó bá gbé méjì mì láàárọ̀ ti lo ẹ̀ẹ̀mejì ní tirẹ̀, kí n ní “ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́”. Nígbà tí mo dé “ẹ má fò ó”, wọ́n ní báwo ni èèyàn ṣe ń fo oògùn, ṣé gọ́tà ni? Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ sọ, pé kí ọjọ́ kan má ṣe lọ láìlò ó. Wọ́n ní, “Àá, o ò sọ pé kí n má pa á jẹ.”

Pa á jẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá mi wí nígbà tí mo bá pa ilé ìwé jẹ. Ó wà nínú orí mi fún ọdún márùndínláàádọ́ta, mo jókòó fi odindi alẹ́ kan wá a, mi ò rí i, nítorí pé “skip” jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ti ń lo oògùn náà báyìí. A ó padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Abiyamọ

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Mo ti kọ ọ́ sórí páálí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì mi níbi tí ojú mi máa ń bọ́ sí: “Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má pa á jẹ lọ́jọ́ kankan. Ẹ dín iyọ̀ kù.” Mo sì ti ń sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n sọ ọ́ padà sétí mi kí wọ́n tó dìde, dípò kí n bi wọ́n bóyá ó yé wọn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ lò ó fún lánàá jẹ́ Ebira, Pidgin ni a fi parí ọ̀rọ̀ wa. Ẹnì kejì jẹ́ bàbá arúgbó kan láti Ìdànrè, wọ́n ní àgbẹ̀ ni àwọn. Mo rọra kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ní kí wọ́n sọ ọ́ padà. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé o ní kí n má skip ẹ̀ ni?”